Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí lẹ ó wò kí ẹ tó ra iná pupa fún awọ ara?

Pé iná kan pọ́n kò ní kó ṣe awọ ara lóore. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ nm tì, ìyẹn bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó. 630 sí 660 ló bá awọ ojú mu. 810 sí 850 máa ń wọlé jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú wa kì í sì í rí i. Tí ẹ ò bá rí nọ́ńbà kankan, ẹ má rà á.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwa aláwọ̀ dúdú: ìmọ́lẹ̀ pupa yìí lè dá àbàwọ́n dúdú sí wa lójú. Ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi gíláàsì ààbò bo ẹyinjú. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tètè pa awọ lára, bíi doxycycline, kó kọ́kọ́ rí dókítà.