Àkísà Àgbà Nínú Ìwé Ọmọdé

Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe inú ìwé ni ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ nípa ìgbà àti àsìkò. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ọ, lójú ọ̀nà oko. Bí àwọn lékeléke bá ń fò kọjá, tí àwọn ọmọdé na ọwọ́ sókè tí wọ́n ń tọrọ èékánná funfun, ọmọ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Bí ọyẹ́ bá ti lọ tán, tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ọdún, ó mọ̀ pé àsìkò àti gbin àgbàdo ti tó. Ní oṣù kẹjọ, òjò a dá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò àrọ̀kúrò a dé. Ẹni tí ó bá mọ ètò yìí kì í fi irúgbìn ṣòfò.

Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń kùn pé ètò náà kò gún mọ́. Òjò a rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a tan àgbẹ̀ dé oko, a sì lọ títí irúgbìn yóò fi gbẹ mọ́ ilẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ ohun tí bàbá àgbà wí nípa òjò, tí ó sì rí nǹkan mìíràn lójú sánmà, lè rò pé irọ́ ni àgbà ń pa. Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà kò purọ́. Ayé tí àgbà ń ròyìn ni ó ń yí padà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìṣe ọjọ́ kan àti ìwà. Bí ọmọ jẹ́jẹ́ bá bínú lọ́jọ́ kan, a kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní oníjà. Bákan náà, òjò ńlá kan ṣoṣo kọ́ ni àyípadà ojú ọjọ́. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ ojú ọjọ́ kí wọ́n tó sọ irú ìwà tí ó ń hù.

Ohun kejì ni ìdí rẹ̀, èyí tí aṣọ ìbora lè fi yé ọmọdé. Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká dà bí aṣọ tí a fi bo ọmọ lóru. Bí kò bá sí, òtútù ì bá pa ayé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ilẹ̀ òyìnbó ti ń fi èédú àti epo rọ̀bì wa ẹ̀rọ, kábọ́ọ̀nù-dáyọ́síìdì, tí ojú kò lè rí, ti ń pọ̀ sí i. Nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́, nǹkan bí 280 ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní 420 báyìí. Aṣọ náà ti nípọn jù, ara ayé sì ń gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gbé omi púpọ̀ ju èyí tí ó tutù lọ. Ìdí nìyí tí òjò fi lè lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá bí ó bá rọ̀.

Àṣìṣe wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Kò yẹ kí ọmọ gbà pé igi ìdáná ìyá àgbà òun ni ó ba ayé jẹ́. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pátá kò mú ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 wá nínú èéfín yìí lọ́dọọdún. Kò sì yẹ kí a di gbogbo àgbàrá ru ojú ọjọ́ nìkan. Nígbà tí odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ilé tí a kọ́ sí ojú odò àti pàǹtírí tí a dà sínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó fà á. Èyí ni ọmọdé lè fojú rí, tí ó sì lè bá wọn tún ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù ba ọmọ. Ọmọ ọdún méje tí a bá sọ fún pé ayé ti bàjẹ́ tán kò ní kọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Oorun ni kò ní lè sùn.

Àwọn àgbà mìíràn yóò wí pé èèwọ̀ tí a jẹ ni ó mú kí òjò máa ṣe ségesège. Olùkọ́ ọlọ́gbọ́n kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò mú àwọn ọmọ lọ wo igbó tí èèwọ̀ dáàbò bò, irú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Yóò fi hàn wọ́n pé igi tí àwọn baba kò jẹ́ kí a gé ń fa kábọ́ọ̀nù náà mọ́ra títí di òní. Ọ̀nà méjì ni, ṣùgbọ́n igi kan náà ni wọ́n dáàbò bò.

Yorùbá ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ nílò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà ilé rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Oṣù wo ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń rọ̀ nígbà èwe yín? Odò wo ni kì í gbẹ nígbà náà tí ó ń gbẹ báyìí? Igi wo ni a kò rí mọ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé ńlá kan. Kí wọ́n sì gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ ṣe dọ́gba sí gbangba ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n máa fi rúlà wọn omi òjò, kí kíláàsì kan máa fa ìwé náà lé òmíràn lọ́wọ́. Ìrántí ènìyàn lè yẹ̀. Ìwọ̀n a máa tún un ṣe.

Èdè Yorùbá tó iṣẹ́ yìí í ṣe. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn.

Àwọn àgbà tí wọ́n mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa yóò rí òjò ségesège, wọn yóò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rọ̀ láti ìṣẹ̀ǹbáyé.