Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Oníná

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ ọmọ mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ọ̀rọ̀ jíìpù ńlá oníná mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye kìlómítà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rìn kí iná inú rẹ̀ tó tán. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣe pàtàkì jù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé: níbo ni ọkọ̀ náà yóò sùn, wákàtí mélòó sì ni iná yóò fi wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá sùn?

Kí ni ọkọ̀ oníná?

Ọkọ̀ oníná kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo. Bátìrì ńlá kan ni a tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Iná inú bátìrì yìí ni ó ń yí mọ́tò kan tàbí méjì, mọ́tò náà ni ó sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò yìí kan náà a di ẹ̀rọ amúnáwá, a sì dá díẹ̀ padà sínú bátìrì nínú agbára tí ìbá ṣòfò.

A lè mú Kia EV9, tí ó jáde ní ọdún 2023, ṣe àpẹẹrẹ jíìpù oníná tí a ṣe fún ìdílé ńlá. Ìjókòó rẹ̀ lè tó méje. Ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Èyí tí ó tóbi jù nínú bátìrì rẹ̀ ń gba nǹkan bíi yúníìtì iná 100. Yúníìtì kan ni iná tí ohun èlò oníwáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Yúníìtì yìí kan náà ni mítà ilé ń kà.

Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá ní Èkó. Ní ìparí ọdún 2020, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ṣí aṣọ lójú Hyundai Kona oníná, tí ilé iṣẹ́ Stallion tò pọ̀ ní Èkó. Kona kéré sí EV9, ṣùgbọ́n ìlànà ìtọ́jú wọn kò yàtọ̀.

Aládùúgbò méjì

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ fara kan ara wọn. Ibi tí wọ́n ti pààlà ni a ń pè ní Boundary títí di òní. Àpápá ni èbúté wà, tirẹ́là kò sì jìnnà sí i. Àgbègbè ìjọba rẹ̀ ní ọgbà fífẹ̀, ògiri gíga àti àyè tí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lè sùn sí. Ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ oníyàrá kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ níbẹ̀ a máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì, tàbí kí ó sanwó fún ẹni tí ń ṣọ́ ọkọ̀ ní ilẹ̀ òfìfo kan.

Ìyàtọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn fún ọkọ̀ elépo, nítorí ilé epo ni í ti í jẹun. Ilé ni ọkọ̀ oníná ti ń jẹun. Bí kò bá sí ibi tí wáyà lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgba orí kòtò ìdọ̀tí àti ojú ọ̀nà aládùúgbò kọjá, ebi ni yóò máa pa á.

Ìṣirò wákàtí iná

Ihò iná ara ògiri lásán lè fún ọkọ̀ ní nǹkan bíi wáàtì 2,300 láìséwu, bí wáyà ilé bá dára. Bí bátìrì oníyúníìtì 100 bá gbẹ tán pátápátá, yóò gbà tó wákàtí 43 kí ó tó kún. Ẹ̀rọ àkànṣe tí a ń kàn mọ́ ògiri, tí ń fúnni ní wáàtì 7,000, yóò ṣe é ní nǹkan bíi wákàtí 14 sí 15.

Iye yìí lè dẹ́rù ba ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni bátìrì ń gbẹ. Ìdílé tí ń rin 40 kìlómítà lóòjọ́, láti ilé sí ilé ìwé, sí ibi iṣẹ́ àti ọjà, kò ní lò ju yúníìtì mẹ́wàá lọ. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lára ihò iná lásán ti tó láti dá a padà.

Láti ọdún 2020 ni àjọ NERC ti pín àwọn oníbàárà iná sí ìsọ̀rí márùn-ún. Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́. B, wákàtí 16. D, wákàtí 8. Mẹ́rin péré ni ti E. Nípa ti ìwé, ẹni tí ó wà ní Band D pàápàá lè bọ́ jíìpù rẹ̀. Ibi tí gbẹ̀du ti ń dún ni pé wákàtí mẹ́jọ náà lè jẹ́ ti ọ̀sán, nígbà tí ọkọ̀ wà lójú pópó. Iná tí ó dé nígbà tí ọkọ̀ kò sí nílé kò yàtọ̀ sí oúnjẹ tí a sè fún ẹni tí ó ti lọ sí ìrìn àjò.

Iye owó rẹ̀

Ní ọdún 2024, yúníìtì kan lórí Band A ju 200 náírà lọ; kí ọdún náà tó parí, lítà epo pẹtiróòlù kan sún mọ́ 1,000 náírà ní Èkó. Bí jíìpù oníná bá jẹ yúníìtì 25 lórí 100 kìlómítà, owó rẹ̀ yóò ju 5,000 náírà lọ díẹ̀. Jíìpù elépo tí ó tó o ní títóbi lè mu lítà 14 lórí ìrìn kan náà, èyí tí ó tó 14,000 náírà.

Bí a bá fi jẹnẹrétọ̀ bọ́ ọ ńkọ́? Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń mú nǹkan bíi yúníìtì mẹ́ta wá. Yúníìtì 25 yóò jẹ ju lítà mẹ́jọ lọ, lítà kan dísẹ́ẹ̀lì sì ju 1,000 náírà lọ ní ọdún náà. Ìdajì èrè ti lọ, èéfín tí a lé kúrò nídìí ọkọ̀ sì ti padà wọ ojú fèrèsé aládùúgbò. Àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ń san owó tí ó kéré lórí yúníìtì kan, ṣùgbọ́n iná náà ni wọn kì í rí tó.

Ojú ọ̀nà àti ewu

Ibi kan wà tí ọkọ̀ oníná ti dára ju elépo lọ ní Àpápá: inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tirẹ́là fi dí ọ̀nà èbúté, títí tí a fi gbé ètò ìpè tirẹ́là tí a ń pè ní Ètò kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021. Ọkọ̀ elépo ń jó epo bí ó tilẹ̀ dúró lójú kan. Ti oníná kì í jẹ ju iná ẹ̀rọ amúlétutù àti ti rédíò lọ.

Ṣùgbọ́n ewu mẹ́ta wà. Èkínní ni omi. Ajégúnlẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí àgbàrá máa ń dé, omi oníyọ̀ kò sì jìnnà sí i. A di bátìrì náà pinpin lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjì Ian tí ó jà ní Florida ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná kan tí omi òkun bò gbiná. Ọkọ̀ tí omi bá mù kò gbọdọ̀ gba iná títí tí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì ni wáyà. Wáyà ìfàgùn tí a ń fi lo fáànù kò lè gbé ẹrù yìí ní gbogbo òru. Yóò gbóná, ó sì lè jó ilé.

Ẹ̀kẹta ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ajégúnlẹ̀ ni àdúgbò tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, etí ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ oníná tuntun máa dún bí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹni tí yóò ra àlòkù gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ohùn yìí wà lára rẹ̀.

Ti ẹnìkan àti ti gbogbo ènìyàn

Ẹ̀rọ ògiri oníwáàtì 7,000 kan ń fa iná tó ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà. Bí ilé mẹ́wàá ní òpópónà kan bá tan tiwọn lálẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tíráńsífọ́mà àdúgbò lè jó, àti ẹni tí ó ní jíìpù àti ẹni tí kò ní yóò sì jọ wà nínú òkùnkùn. Ọ̀ràn ọkọ̀ oníná kì í wá í ṣe ọ̀ràn àpò ẹnìkan.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjọ NADDC ti kọ́ ibùdó ìgbaná onísólà sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní ọdún 2021, lẹ́yìn náà sí Yunifásítì Èkó. Bí irú rẹ̀ bá wà ní Boundary, ará Àpápá àti ará Ajégúnlẹ̀ yóò jọ lò ó. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ń fi hàn pé ẹni tí kò lè ra jíìpù pàápàá lè jẹ nínú àǹfààní ìrìn oníná.

Olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ wákàtí tí iná dé àti èyí tí ó lọ sílẹ̀ ní ilé rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Kí ó fa ìlà sábẹ́ èyí tí ó bọ́ sí òru. Kí ó fi 2.3 sọ wákàtí òru wọ̀nyí di púpọ̀, kí ó sì pín in sí ọ̀nà méje. Bí èsì rẹ̀ bá tó yúníìtì mẹ́wàá, ilé náà lè gba jíìpù oníná lálejò. Bí kò bá tó o, kí onílé kọ́kọ́ tún ilé ṣe kí ó tó ra ọkọ̀.