Òtẹ́ẹ̀lì Lorraine

Bí àlejò bá dé ìlú, ibi tí yóò wọ̀ sí ni ó kọ́kọ́ ń wá. Ní ìlú Memphis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀ràn yìí le fún ènìyàn dúdú láyé àtijọ́, nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì àwọn òyìnbó kì í gbà wọ́n. Ní ọdún 1945, Walter Bailey àti Loree aya rẹ̀, tí àwọn náà jẹ́ ènìyàn dúdú, ra òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lorraine.

Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọrin tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ Stax ṣe àwo orin soul máa ń wọ̀ sí ní àwọn ọdún 1960. Dúdú àti funfun a sì máa jókòó pọ̀ níbẹ̀. Ní yàrá kan níbẹ̀ ni Wilson Pickett àti Steve Cropper, òyìnbó onígìtá, ti jọ kọ orin “In the Midnight Hour” ní 1965.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1968, a yìnbọn pa Martin Luther King ní iwájú yàrá 306. Àìsàn kọlu Loree lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Walter kò sì jẹ́ kí àlejò kankan sùn ní yàrá náà mọ́.

Láti 1991 ni ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìtàn ìjà ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Ibi tí a ti gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọmọ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ lónìí.