Ìyára ìgbì

Ìyára ìgbì ni ìwọ̀n bí ìgbì kan ṣe ń rìn jìnnà tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan (m/s) ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí ìgbì ń gbà kọjá ni ó ń pinnu ìyára rẹ̀ jù lọ, kì í ṣe agbára ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, igbe ńlá àti ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ń rìn ní ìyára kan náà nínú afẹ́fẹ́.

Líle àti ìwúwo

Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì fún ìgbì ìró. Èkíní ni líle, ìyẹn bí ohun kan ṣe ń kọ̀ láti fún pọ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Líle a máa mú kí ìgbì yára. Èkejì ni ìwúwo ohun tí ó wà nínú àyè kan. Èyí a máa fa ìgbì sẹ́yìn. Bí a bá fi ìwúwo (ρ) pín líle (E), gbòǹgbò alágbáraméjì èsì náà ni ìyára:

v = √(E/ρ)

Nínú afẹ́fẹ́ tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 20 °C, ìró ń rìn ní bíi 343 m/s. Nínú omi, bíi 1,480 m/s. Nínú irin, ó ju 5,000 m/s lọ. Àṣìṣe ni láti rò pé ìwúwo irin ni ó fa èyí. Irin wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́jọ, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ ju ti omi lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po 50.

Ìgbóná

Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i ni ìró ń yára sí i nínú rẹ̀. Ní 0 °C, ìyára náà jẹ́ bíi 331 m/s. Ní ọdún 1687, Isaac Newton ṣírò ìyára ìró, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kéré sí ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀n. Ní ọdún 1816, Pierre-Simon Laplace ṣàlàyé ìdí rẹ̀: afẹ́fẹ́ tí ìgbì bá fún pọ̀ a máa gbóná díẹ̀, ìgbóná náà kì í sì í ráyè tú jáde kí ìgbì tó kọjá. Èyí ni ó mú kí afẹ́fẹ́ le ju bí Newton ṣe rò lọ.

Awọ ìlù

Lórí awọ ìlù, bí awọ ṣe nà tó ni ó dípò líle. Nígbà tí onílù bá fún ọṣán dùndún, awọ yóò nà sí i, ìgbì yóò sì yára sí i lórí rẹ̀. Nítorí pé fífẹ̀ ojú ìlù kò yí padà, awọ yóò gbọ̀n ní ìgbà púpọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn yóò sì gòkè. Bí ó bá dẹ ọṣán, ohùn yóò wálẹ̀. Báyìí ni dùndún ṣe ń sín ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá jẹ.

Òkun àti ìmọ́lẹ̀

Jíjìn òkun ni ó ń pinnu ìyára ìgbì sùnámì. Níbi tí òkun bá jìn tó 4,000 mítà, ó ń sáré ní bíi 200 m/s; ó ń falẹ̀ bí ó ti ń súnmọ́ èbúté, omi rẹ̀ a sì máa ga sí i.

Ìmọ́lẹ̀ kò nílò ohun kankan láti gbà kọjá. Nínú òfìfo, ìyára rẹ̀ jẹ́ 299,792,458 m/s gẹ́lẹ́; nínú omi, ó ń dínkù sí bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye yìí.