Mo Pa Ọkọ̀ Láró Nínú Fọ́tò

Bí ẹ bá ń retí pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tàbí ti aṣọ rírán ni n ó bá yín sọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo gbé wá, àti bí èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ṣe di ẹni tí ń fi ìka pa ọkọ̀ láró lójú fóònù. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Ọ̀rọ̀ náà kan àpò ilé, ó sì kan ojú tí ọmọ ẹlòmíràn yóò fi wò wá.

Ọgbà ni a ń gbé, lẹ́bàá Ìkẹjà, níbi tí èéfín ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ òpópónà Acme àti òórùn búrẹ́dì Agége ti máa ń pàdé ara wọn lówùúrọ̀. Ọkọ̀ méjì ni a ní nígbà náà. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 480 náírà ní Èkó. Èmi àti bàálé mi jókòó, a ṣírò owó epo, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti owó oúnjẹ, a sì rí i pé ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ. Corolla aláwọ̀ fàdákà tí èmi ń wà lọ síbi iṣẹ́ ni ìbò mú. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tí ó di ìbò náà.

Àbúrò ọkọ mi kan wà, ẹni tí mo ń pè ní Akọ̀wé nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí ó ti ń tún fóònù ṣe. Òun ni ó wí pé, “Ìyàwó wa, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ó dára, kí á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ni ó ń ra ọkọ̀ kí owó tó rà á.” Ó fi áàpù kan tí a fi ń tún fọ́tò ṣe sínú fóònù mi, ó fi bí a ti ń lò ó hàn mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí n sọ òtítọ́, títà kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ọkọ̀ yìí ì bá ti rí ká ní ó pupa, nítorí láti ọjọ́ tí a ti rà á ni pupa ti ń wù mí. Nígbà tí àwọn ọmọ sùn tán, mo ṣí fọ́tò náà, mo wá ibi tí a ti ń yí àwọ̀ padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sọ́tùn-ún, mo ń fà á sósì. Ewé igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ di àwọ̀ elése àlùkò. Ògiri onílé wa di àwọ̀ ewé. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó pupa tẹ́lẹ̀ di búlúù. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó sínú fàdákà rẹ̀, kò mira.

Ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi. Irinṣẹ́ yẹn ń fi àwọ̀ kan rọ́pò òmíràn ni. Ní ojú ẹ̀rọ, funfun, dúdú àti fàdákà kò ní àwọ̀ nínú. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n, ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Ẹ fi ọbẹ̀ wò ó. Bí ènìyàn bá ní kí ẹ fi ata ṣọ̀ǹbọ̀ rọ́pò ata rodo nínú ọbẹ̀ tí ẹ kò fi ata sí rárá, kí ni ẹ óò yọ, kí ni ẹ óò sì fi rọ́pò rẹ̀? Nítorí náà, bí ọkọ̀ yín bá pupa, ìṣẹ́jú kan ni ẹ óò fi sọ ọ́ di búlúù. Bí ó bá funfun tàbí tí ó dà bí fàdákà, ẹ ní láti mú àwọ̀ wá láti ìta.

Mo mú àwọ̀ wá láti ìta lóòótọ́. Mo fi ìka kun gbogbo ara ọkọ̀ ní pupa bí ẹni tí ń kun ògiri. Ohun tí mo rí dà bí iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: kò sí ojú ìlà ilẹ̀kùn mọ́, kò sí ọwọ́ ilẹ̀kùn, dídán ara bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti pòórá. Mo fi ránṣẹ́ sí Akọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ sí mi pé, “Ìyàwó wa, ọ̀dà ni ẹ fi bò ó. Aró ni kí ẹ fi pa á.”

Gbólóhùn yẹn ni ó là mí lójú, nítorí aṣọ jẹ́ apá kan iṣẹ́ mi. Bí a bá da ọ̀dà sórí aṣọ, ọ̀dà ni ojú rí, a kò rí òwú mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ aṣọ kan náà sínú aró, òwú kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀, a rí bí wọ́n ti hun ún, a rí ibi tí ó nípọn àti ibi tí ó fẹ́lẹ́. Nínú àwọn áàpù wọ̀nyí, a lè tẹ́ àwọ̀ sí ìpele ọ̀tọ̀ lókè fọ́tò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń da ìborùn léjìká, kí a sì pàṣẹ fún un pé kí ó wọ inú ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Multiply ni orúkọ àṣẹ tí ó bá fàdákà àti funfun mu jù. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dán yóò pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ibi tí òjìji wà yóò pupa dúdú, ojú ìlà ilẹ̀kùn yóò sì padà. Dúdú nìkan ni kì í gba aró yìí. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀, gan-an gẹ́gẹ́ bí a ti ń bó àwọ̀ aṣọ dúdú kí a tó lè pa á ní àwọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ sùúrù. Ẹ ó fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi, ẹ ó sì pa àwọ̀ rẹ́ kúrò lára táyà, gíláàsì, iná àti nọ́ńbà ọkọ̀. Wákàtí méjì ni mo fi ṣe é, iná mànàmáná sì lọ nígbà tí ó ku táyà kan. Mo rò pé mo ti parí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, wò ó, tí ó ní, “Mọ́mì, inú omi ńkọ́?” Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ tí mo ya fọ́tò. Nínú omi tí ó dúró lẹ́bàá táyà, ọkọ̀ fàdákà ṣì wà níbẹ̀, ó dorí kodò.

Ẹ má ṣe rò pé kọ̀ǹpútà ni ó bẹ̀rẹ̀ irú ọgbọ́n yìí láàárín wa. Ní ọdún 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wà ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó ń wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà. Ní 1978 ni ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwòrán àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tí ó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan náà, kí ìbejì lè jókòó pọ̀. Bí òkú bá jẹ́ ọkùnrin tí alààyè sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà fún ìkejì. Ẹ̀yin ìyá ìbejì yóò mọ ohun tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ já mọ́ fún abiyamọ. Kò sì sí ẹni tí wọ́n fi tàn jẹ, nítorí gbogbo ilé ni ó mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ti òyìnbó, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Thomas àti John Knoll, ni wọ́n ṣe Photoshop, tí ó jáde sọ́jà ní ọdún 1990. Fọ́tò tí John fi ń ṣe àfihàn rẹ̀ ni ti Jennifer, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, níbi tí ó jókòó sí etí òkun ní erékùṣù Bora Bora. Lára ìyàwó ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́; ó wu èmi láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ tèmi. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ti gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Corolla wa lápá òsì, ibẹ̀ sì tẹ̀ wọnú tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Nígbà tí mo ti mọ ọwọ́ iṣẹ́ náà, mo padà sí fọ́tò aláwọ̀ fàdákà. Irinṣẹ́ kan wà tí ó máa ń bu ara tí ó dán nítòsí, tí á fi lẹ ojú àpá, bí a ti ń fi èérún aṣọ lẹ ibi tí ó ya. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ilẹ̀kùn náà tẹ́jú bí tuntun. Mo sọ fún ara mi pé ìmúra lásán ni, ó dàbí àtíkè lójú ìyàwó.

Ìyá ọlọ́mọ kan rí fọ́tò náà láti Abẹ́òkúta. Aláàdìrẹ ni, ó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa fi kó ọjà wá sí Èkó. Ó wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó pọn ọmọ, wọ́n sì ti san owó fún mẹkáníìkì kan kí ó bá wọn wò ó. Ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀. Ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó dé apá òsì, ó dúró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí, “ilẹ̀kùn tí mo rí nínú fọ́tò kọ́ nìyí.”

Mo ní ohun kékeré ni, pé páńẹ́lì bítà yóò tún un ṣe ní wákàtí kan. Ó dá mi lóhùn láìbínú pé bí mo bá ti fi han òun ni, òun ì bá rà á bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn kọ́ ni ó ń gbé ọjà. “Ṣùgbọ́n ní báyìí, mà, n kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì.” Mo fi owó ọkọ̀ wọn lọ̀ wọ́n. Ọkọ rẹ̀ gbà á, òun kò wo ojú mi mọ́. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ti ń jáde lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè sọ ọ́ fún bàálé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà lórí fóònù, láti ọwọ́ ẹni tí ó ti ṣe é ni kí ẹ ti gbọ́ bí a ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ohun tí ó yẹ kí ara ọkọ̀ máa fi hàn bíi dígí: bí igi tàbí ilé bá hàn lára ilẹ̀kùn iwájú, tí ó sì gé dúró lójijì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọwọ́ ti kan ibẹ̀. Ẹ wo eruku àti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Bí àmì kan náà bá hàn ní ibi méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì, wọ́n ti bu ọ̀kan lẹ òmíràn. Ẹ wo omi ilẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á fi fóònù ya fídíò bí ó ti ń rìn yí ọkọ̀ ká, láìdúró.

Bí ẹ̀yin ni ẹ ń tà, ẹ ya á ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò mú. Ẹ lè mú fọ́tò tí ó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀, ẹ lè tọ́ èyí tí ó wọ́. Ẹ bo nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín wà nínú rẹ̀, tàbí nọ́ńbà ilé yín lára géètì. Bí ẹ bá sì ti ṣí ètò mímọ ibi tí ènìyàn wà sílẹ̀ nínú fóònù, ẹ pa á kí ẹ tó yà á, nítorí fọ́tò lè gbé ibùgbé yín pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ ọkọ̀ padà ní tòótọ́, ẹ kọ́kọ́ pa á láró nínú fọ́tò kí ẹ tó fún pẹ́ńtà lówó, ẹ sì rántí pé àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, a ní láti lọ tún un kọ. Aládùúgbò mi kan fẹ́ kun tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo fi hàn án lójú fóònù, ó ní kí ó máa jẹ́ funfun rẹ̀ lọ.

Mo tún Corolla wa yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi rúlà ọmọ ilé-ìwé lé ibi tí ilẹ̀kùn ti tẹ̀, mo yà á ní ìtòsí, òun ni mo sì fi ṣáájú. Olùkọ́ kan ni ó rà á, kò dé ìdajì oṣù. Ó ti mọ iye tí páńẹ́lì bítà yóò gbà kí ó tó kúrò nílé, ó sì ti yọ ọ́ nínú owó wa.

Ọkọ̀ pupa náà ṣì wà nínú fóònù mi. Ọmọ mi a máa ṣí i wò nígbà mìíràn, á fi ìka kan omi tí ó wà nílẹ̀, á ní kí n wá parí rẹ̀.