Ṣé o mọ̀? Futura ti dé òṣùpá

Irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Futura wà lórí òṣùpá. Òun ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sára àwo irin tí àwọn tó wọ ọkọ̀ Apollo 11 fi sílẹ̀ níbẹ̀ lóṣù Keje ọdún 1969. Paul Renner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ya lẹ́tà náà, ó sì jáde lọ́dún 1927. Ìlà tó tọ́, onígun mẹ́ta àti òbíríkítí ló fi gbé e kalẹ̀, láìsí ọ̀ṣọ́ kankan létí rẹ̀. Wo “b” rẹ̀ dáadáa: ìlà roboto náà tín-ín-rín díẹ̀ níbi tó ti kan òpó, kí ibẹ̀ má baà dúdú jù lójú ìwé.