Barry Harris, Olùkọ́ Tí Kò Fi Dùùrù Sílẹ̀

Ní àwọn ọdún 1950, bí àwọn àgbàlagbà Detroit ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò, àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé fèrè lọ sí ilé Barry Harris. Harris fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, kó tó di pé bebop, irú jáàsì tí Charlie Parker àti Bud Powell ń ṣe, gbà á lọ́kàn. Lálẹ́, ó máa ń tẹ dùùrù ní Blue Bird Inn, ilé eré jáàsì kan. Lọ́sàn-án, ilé rẹ̀ a di ilé-ẹ̀kọ́.

Charles McPherson, ọmọ àdúgbò, wà lára àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé lọ́jọ́ kan Harris gba káàdì èsì ìdánwò òun wò, ó rí i pé C, máàkì àárín, ló pọ̀ níbẹ̀, ó sì là á mọ́ òun lójú pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú orin yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ tí máàkì àárín tẹ́ lọ́rùn. Láti ìgbà náà ni McPherson ti gba ìwé mú. Ó di ògbóǹtarìgì afunfèrè saxophone, ó sì bá Charles Mingus, olórí ẹgbẹ́ jáàsì, ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú gbogbo ohun tí Harris ṣe, bóyá èyí ló fi irú olùkọ́ tó jẹ́ hàn jù lọ.

Ní 1960, ó bá ẹgbẹ́ jáàsì Cannonball Adderley kúrò ní Detroit, ó sì fi New York ṣe ibùjókòó. Òun ló tẹ dùùrù nínú àwo Lee Morgan, afunkàkàkí, tó ń jẹ́ The Sidewinder, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1963, tó sì tà wàràwàrà. Ó tún bá àgbà afunfèrè Coleman Hawkins ṣeré títí Hawkins fi kú ní 1969.

Òkìkí nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ jáàsì kò lówó oṣù. Olórin lè ṣeré fún alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, kó má sì rí ìpè kankan ní odindi oṣù tó tẹ̀ lé e. Orin rock ti gba ọjà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan sì kó lọ sí Yúróòpù. Harris dúró, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ ti eré lẹ́yìn. Kì í ṣe àìrówó ló sún un débẹ̀, torí ó ti ń kọ́ni kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

Ní 1982, òun àtàwọn mìíràn ṣí Jazz Cultural Theatre ní Manhattan. Wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ni: àwọn akọrin ní kíláàsì tiwọn, àwọn atẹdùùrù àti àwọn tó ń lo ohun èlò orin mìíràn ní tiwọn. Wọ́n tì í ní 1987, àmọ́ kíláàsì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ṣí lọ síbòmíràn ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ló jọ ń jókòó níbẹ̀.

Ohun tó ń kọ́ wọn yóò yé ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ohùn méje la mọ̀: do, re, mi, fa, so, la, ti. Harris fi ìkẹjọ kún un, sáàárín so àti la. Tí a bá wá ń fo ọ̀kan mú ọ̀kan, do, mi, so àti la á para pọ̀ di kọ́ọ̀dù kan. Re, fa, ohùn tuntun náà àti ti á di èkejì. Àkọ́kọ́ ń dún bí ẹni tó ti délé, èkejì bí ẹni tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Pẹ̀lú méjèèjì, ọwọ́ atẹdùùrù kò ní há sójú kan.

Òun náà kò yéé kọ́ṣẹ́. Ilé Pannonica de Koenigswarter, obìnrin ọlọ́lá kan tó ń ran àwọn olórin jáàsì lọ́wọ́, ní Weehawken, New Jersey, ló ń gbé, níbi tí àgbà atẹdùùrù Thelonious Monk náà gbé títí tó fi kú ní 1982. Harris máa ń sọ nípa ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jókòó ti dùùrù, tí wọ́n ń gba orin kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara wọn léraléra.

Ní 1989, NEA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà, fi oyè Jazz Master dá a lọ́lá, oyè tó ga jù fún olórin jáàsì ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́ni dé The Hague ní Netherlands. Nígbà tí kòrónà dé, tó ti di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó gbé kíláàsì rẹ̀ lọ sórí Zoom. Àrùn náà ló padà pa á ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2021. Ẹnu ló fi ń kọ́ni ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Howard Rees ti ìlú Toronto, ló bá a kó ẹ̀kọ́ náà jọ sínú ìwé àti fídíò, èyí tí àwọn olùkọ́ mìíràn ń lò báyìí.